Gún, Dúró, Há, Gé

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ yàrá ìgbẹ̀bí ní Ìfọ̀, mo ti gbé abẹ́rẹ́ sókè, mo fẹ́ gún ìyá ọmọ nítan, ni Mátírọ́nì Ṣówándé bá di ọwọ́ mi mú. Òun ni ọ̀gá wa níbẹ̀, obìnrin gígùn kan tí í dé fìlà nọ́ọ̀sì rẹ̀ bí ẹni dé adé. Ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni, ó ń ké.

"Ọmọ mélòó ló wà nínú ikùn yẹn?"

"Ẹyọ kan ni, mà. Òun náà ló ti jáde yìí."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

N kò rí ẹni tí mo lè pè lẹ́rìí. Ó ní, "Ilẹ̀ Yorùbá lo wà yìí. Fọwọ́ kan ikùn kó o tó gún ẹnikẹ́ni. Bí Kẹ́hìndé bá ṣì wà nínú ilé, tó o wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ẹnu ẹ lo máa fi ṣàlàyé."

Mo fọwọ́ kan ikùn. Kò sí Kẹ́hìndé níbẹ̀. Ìyá ọmọ tó dùbúlẹ̀ gan-an ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi wò ó dáadáa o. Aṣọ ọmọ kan ṣoṣo ni mo rà."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí abẹ́rẹ́ náà wà fún, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ dá lé. Ọkisitósìn lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ilé ọmọ fún ara rẹ̀ pọ̀ lẹ́yìn tí ọmọ bá ti jáde. Olóbi, tí àwọn mìíràn ń pè ní ekejì ọmọ, lára ògiri ilé ọmọ ló lẹ̀ mọ́. Níbẹ̀ ni ọmọ ti ń jẹ, ibẹ̀ náà ló ti ń mí, ìwọ́ ló sì so òun àti olóbi pọ̀. Nígbà tí olóbi bá ṣí kúrò, ojú ọgbẹ́ ló ń fi sílẹ̀. Bí ilé ọmọ bá fún, ojú ọgbẹ́ yẹn á pa dé. Bí ó bá rọ̀ dẹ̀dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa ya bí omi ẹ̀rọ tí a gbàgbé láti tì, ìyá ọmọ sì lè lọ kí ẹni tó wà nídìí oúnjẹ ọ̀sán tó jẹun tán.

Ìdí nìyí tí Mátírọ́nì fi fẹ́ràn ọwọ́ yíyá. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló fi kọ́ wa: gún, há, gé. Gún ìyá. Fi irin méjì há ìwọ́. Gé e láàárín méjèèjì. Gbogbo rẹ̀ kò gbọdọ̀ pẹ́ ju kí ènìyàn sín lọ. Ó ní bí a bá gún ìyá tán tí a kò tètè há ìwọ́, ilé ọmọ tó ń fún yóò ti àpọ̀jù ẹ̀jẹ̀ lu ọmọ, ibà pọ́njú á sì mú un. A gbà á gbọ́. Ohun tí wọ́n kọ́ òun náà nìyẹn, obìnrin tó sì ti gba àwọn ìyá tí mo mọ̀ lọ́wọ́ ikú, kí ni mo fẹ́ bá a jiyàn sí?

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń gbẹ̀bí títí irun mi fi funfun. Ọwọ́ mi wá yá ju ti Mátírọ́nì lọ. Àwọn aboyún Ìfọ̀ ń pè mí ní Nọ́ọ̀sì Ọlọ́wọ́-Yíyá. Mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n bí wọn kò bá pè mí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ara mi kì í balẹ̀.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, mo kó lọ sí ilé tí èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi kọ́ sí Mòwé. Mo rò pé màá máa sinmi. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá adìyẹ ara àdúgbò jà. Dókítà kan tó ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré nítòsí ibẹ̀ ní kí n wá bá òun ṣiṣẹ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Títílayọ̀ ni nọ́ọ̀sì tí mo bá níbẹ̀, ọmọ Ọ̀ṣun, tó háyà yàrá kan sí ọ̀nà Ìbàfò. Ọmọ tó mọ ìwé ni, ó sì mọ ìkúnlẹ̀. Bí ó bá fẹ́ ta kò mí, á kọ́kọ́ kúnlẹ̀ ná. Nígbà tó bá fi máa dìde, ó ti sọ gbogbo rẹ̀ tán.

Ọjọ́ kan, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gún, mo há, mo gé, ọwọ́ mi yá bí ti ìgbà èwe. Títí wo ìwọ́ tó kù lára olóbi, ó kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ̀jẹ̀ ọmọ ṣì wà nínú olóbi yẹn o."

"Ẹ̀jẹ̀ ọmọ tàbí ẹ̀jẹ̀ ìyá?"

"Ti ọmọ ni, mà. Òun ló ni ín. Ẹ wò ó bí ẹni tó ń kó láti Èkó wá sí Mòwé níbí. Òun fúnra ẹ̀ ti wọlé, ó ti jókòó, ṣùgbọ́n ẹrù ẹ̀ ṣì wà nínú ọkọ̀. Tí a bá ní kí ọkọ̀ máa lọ, ibo ló fẹ́ sùn lálẹ́?"

Mo rẹ́rìn-ín. Àdúgbò wa kò lè lo òpin ọ̀sẹ̀ kan kí ọkọ̀ akẹ́rù kan má já bẹ́ẹ̀dì àti fíríìjì sílẹ̀ níwájú ilé tuntun. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹ̀rín yẹn, mo rántí àwọn ọmọ tí mo ti gbẹ̀bí wọn, tí wọ́n gbé padà wá ní ọmọ oṣù mẹ́fà, oṣù mẹ́jọ, tí àtẹ́lẹwọ́ wọn funfun bí ẹ̀kọ. Ibà la máa ń sọ pé ó jẹ ẹ̀jẹ̀ wọn. Ibà lè jẹ́ òótọ́. Ṣé kì í ṣe pé èmi náà ti kọ́kọ́ bá wọn lé ọkọ̀ ẹrù lọ?

Nígbà tí aboyún mìíràn bí, Títí ní kí n fi ìka méjì di ìwọ́ mú, kí n má há a. Ẹ̀yin ènìyàn, gbogbo ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ yìí, n kò tíì dúró débi tí mo fi mọ̀ pé ìwọ́ ń lù. Ó nípọn, ó dúdú díẹ̀, ó ń lù mí níka tì-tì-tì bí ọkàn ẹyẹ. Díẹ̀díẹ̀, lílù náà ń lọ sílẹ̀, ìwọ́ ń funfun, ó ń rọ̀, títí ó fi dákẹ́. Ọmọ tó wà láyà ìyá rẹ̀ sì ti pọ́n dáadáa.

Mo ní, "Títí, mo ti gbọ́."

Mo gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí àgbà ṣe máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọdé ni mo ṣe gbọ́ ọ: mo gbọ́ ìdajì. Ìdajì tí mo gbọ́ ni pé kí a dúró. Ìdajì kejì, tí Títí ń sọ nígbà tí mo ti ń fọ ọwọ́ níbi ẹ̀rọ omi, ni pé abẹ́rẹ́ ìyá kì í bá ìwọ́ dúró. Èyí tí Mátírọ́nì kọ́ mi ló ṣì wà lọ́kàn mi. Mo sọ fún ara mi pé bí mo bá máa fi ìwọ́ sílẹ̀, mo gbọ́dọ̀ fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ̀jẹ̀ má baà ya lu ọmọ. Ó bọ́gbọ́n mu lójú mi. Èmi náà kò sì bi ẹnikẹ́ni.

Ibi tí mo dé nìyí tí wọ́n fi gbé Bùsáyọ̀ wá. Oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ ni. Kúnlé ọkọ rẹ̀, tó ń ṣe wẹ́dà ní ìdí òpópónà márosẹ̀, ló gbé e wá ní àárọ̀, àti ìyá Kúnlé, Màmá Ọ̀fàdà. Ìyá yìí ti ọ̀nà oko ìrẹsì wá tààrà. Ó gbé ìkòkò tuntun kan dání, nítorí nílé wọn, inú ilẹ̀ ìdílé ni wọ́n ń ri olóbi sí. Ó ní òun kì í dúró síta.

Mo ní, "Mà, yàrá yìí kéré."

Ó ní, "Èmi náà kéré."

Kò sí irọ́ níbẹ̀. Mo fún un ní àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Ọ̀sán ni Bùsáyọ̀ bí obìnrin, wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ti bí mẹ́ta rí. Mo gbé ọmọ lé e láyà, mo nù ún, mo fi aṣọ bò ó. Mo fọwọ́ kan ikùn: kò sí Kẹ́hìndé. Abẹ́rẹ́ ti wà nínú tíréè, oògùn ti wà nínú rẹ̀. Mo wò ó, mo fi í sílẹ̀, mo fi ìka méjì di ìwọ́ mú.

Nígbà náà ni Màmá Ọ̀fàdà dìde lórí àga, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọmọ.

"Káàbọ̀, ọmọ a-dúró-lábàtà-kórè. Ọmọ ìrẹsì pupa tí í bu iyì kún àwo. Ọmọ baba tó sọ pé ebi kò ní wọ ilé òun, tí ebi gba ẹ̀yìnkùlé kọjá..."

Ohùn ìyá yìí dùn. Ó ń ki baba, ó ń ki baba baba, ọmọ dákẹ́, ó la ojú, Bùsáyọ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ìwọ́ dákẹ́ lábẹ́ ìka mi. Mo mọ̀ pé ó ti dákẹ́. Ṣùgbọ́n ìdí baba ńlá kan ni màmá wà nígbà náà, wọn kò sì tọ́ mi pé kí n fi ìró irin já oríkì ẹni kan sí méjì. Mo ní kí n jẹ́ kí ó parí baba kan yìí. Ó parí rẹ̀, baba mìíràn sì tẹ̀lé e. Mo ní kí n jẹ́ kí ó parí èyí náà.

Bùsáyọ̀ ní, "Màmá, ojú mi ń ṣú."

Mo wo ìsàlẹ̀. Aṣọ tí mo tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ kò ní ibi funfun kankan mọ́.

Mo pe Títí, tó wà lọ́dọ̀ àwọn aboyún ní yàrá kejì. N kò pariwo. Agbẹ̀bí tó bá pariwo ti sọ fún ìyá ọmọ pé ó ń kú. Títí wọlé, ó rí ẹ̀jẹ̀, ó rí abẹ́rẹ́ tó kún nínú tíréè. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, ó mú abẹ́rẹ́, ó gún un. Mo há ìwọ́, mo gé e, mo gbé ọmọ fún ìyá àgbà. Ó gbà á, ó dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n gba ohùn lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo gbé ọwọ́ lé ilé ọmọ láti òkè ikùn. Ó rọ̀ bí ìyẹ̀fun tí a ti pò. A gba olóbi jáde, a yẹ̀ ẹ́ wò, ó pé. Títí fa omi sí i lápá, ó fi rọ́bà fa ìtọ̀ rẹ̀ kí àpò ìtọ̀ má baà dí ilé ọmọ lọ́wọ́. Mò ń ra ikùn náà, mò ń ra á, mò ń bá Bùsáyọ̀ sọ̀rọ̀.

"Kí lorúkọ tí o fẹ́ sọ ọmọ yìí?"

"Mi ò tíì mọ̀, mà."

"Ronú sí i. Sọ mẹ́ta fún mi, kí n bá ẹ ṣà nínú ẹ̀."

Ó sọ ọ̀kan. Ó pẹ́ kí ó tó sọ èkejì. Kí ó tó dé ìkẹta ni ilé ọmọ yí padà lábẹ́ ọwọ́ mi, tó ń kó ara jọ, tó le bí àgbọn. Ẹ̀jẹ̀ náà dín, ó ń kán. Kúnlé ti yá ọkọ̀ aládùúgbò. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, mo sì gbé ọwọ́ lé ikùn yẹn ní gbogbo ojú òpópónà márosẹ̀. Mo rò pé bí mo bá gbé e kúrò, àgbọn yẹn á tún di ìyẹ̀fun. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára níbẹ̀. Nígbà tí dókítà wọn jáde tó sọ pé ó ti bọ́, ìgbà yẹn ni mo tó lọ fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi.

Mo lọ bá Màmá Ọ̀fàdà níbi tó jókòó sí, ọmọ wà láyà rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Ó jù mí lọ díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn, bí ọmọdé ni mo rí níwájú rẹ̀.

"Mà, ẹ̀bi mi ni. Ó yẹ kí n ti gún un kí ẹ tó lanu. Mo rò pé ó yẹ kí abẹ́rẹ́ dúró."

Ó ní, "Ṣé oríkì mi ló pọ̀ jù?"

"Rárá, mà. Oríkì yín dára. Abẹ́rẹ́ mi ló pẹ́."

"Ká ní ẹ sọ fún mi pé kí n dákẹ́, mo lè dákẹ́ o. N kì í ṣe ẹni tí kò gbọ́ràn."

"Mo mọ̀, mà. Èmi ni mi ò gbọ́ràn."

Ó yí ojú sí ọmọ, ó tún aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde. Òtútù wà nílẹ̀ yìí." Ó tún ní, "Baba mẹ́ta ló kù tí n kò tíì kì."

Ọjọ́ kejì ni mo jókòó ti Títí, tí mo ní kí ó tún sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún mi, odindi. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, mo ní kí ó jókòó. Ó ní, "Méjì ni wọ́n, Màmá. Ìyá ò gbọdọ̀ dúró, ọmọ ló ń dúró. Bí ọmọ bá ti jáde báyìí, tẹ́ ẹ ti rí i pé kò sí ìkejì, ẹ gún ìyá ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an. Abẹ́rẹ́ máa ń lo ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìwọ́ á máa lù lọ ní tiẹ̀. Bí ilé ọmọ bá sì ti ń fún, ó ń bá ọmọ ti ẹrù ẹ̀ wọlé ni, kì í ṣe pé ó ń pa á lára."

"Ẹ̀jẹ̀ tí Mátírọ́nì ní ó máa pọ̀ jù ńkọ́?"

"Tiẹ̀ ni, mà. Ẹrù ẹni kì í pọ̀ jù fún ẹni."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà tó ni ilé ìgbẹ̀bí, mo sì ní ó lè dá mi dúró. Ó ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí n sì yí iṣẹ́ padà. Mo ra páálí funfun, mo fi máákà dúdú kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin sí i, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì: GÚN. DÚRÓ. HÁ. GÉ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fi kún ti Mátírọ́nì. Ibi tó yẹ kí n fi í sí ni n kò mọ̀ títí ó fi kù díẹ̀ kí ó gba ẹ̀mí Bùsáyọ̀ lọ́wọ́ mi. Láti ìgbà náà, mo ti kọ́ àwọn agbẹ̀bí kan ní Mòwé, ní Ìbàfò, títí dé Ìfọ̀ tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn Bùsáyọ̀ ni mo fi ń ṣí ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá gbọ́ àṣìṣe àgbà kì í tètè gbàgbé rẹ̀.

Ọmọ yẹn ti ń sáré kiri nígbà tí Bùsáyọ̀ tún lóyún. Ó wá bá mi, ó ní èmi lòun fẹ́. Mo ní rárá, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti ya lára rẹ̀ rí, ilé ìwòsàn ńlá ni kí ó ti bí, níbi tí ẹ̀jẹ̀ àti dókítà ti wà nítòsí.

Ó ní, "Ẹ tẹ̀ lé mi lọ nígbà náà."

Mo tẹ̀ lé e. Mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún Títí ní oṣù yẹn. Kúnlé bẹ àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ títí wọ́n fi gbà kí èmi àti ìyá rẹ̀ wọlé. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo dúró sí, ọwọ́ mi ṣófo, n kò sì mọ ibi tí mo lè kó o sí. Agbẹ̀bí tó ń gbẹ̀bí fún un kò ju ọjọ́ orí àbíkẹ́yìn mi lọ. Ọmọkùnrin ló jáde, ó sì ké kí a tó rí gbogbo ara rẹ̀.

Mo lanu. Màmá Ọ̀fàdà ti ṣáájú mi.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ ti fọwọ́ kan ikùn? Ṣé ẹ ti gún un?"

Ọmọbìnrin náà gbé orí sókè. Abẹ́rẹ́ ń jáde kúrò nítan Bùsáyọ̀ lọ́wọ́. "Mo ti gún un, mà. Ẹ̀yin náà, ṣé nọ́ọ̀sì ni yín ni?"

"Rárá. Àgbẹ̀ ni mí."

Agbẹ̀bí náà fi ìwọ́ sílẹ̀ láìhá. Ó rí bí mo ṣe ń wò ó, ó sì ní kí n wọ ìbọ̀wọ́ kí n wá. Mo fi ìka méjì di ìwọ́ mú. Tì-tì-tì. Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà wà níta lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, a ń gbọ́ ariwo rẹ̀.

Màmá Ọ̀fàdà dìde. Ó ní, "Baba mẹ́ta ló kù," ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó ki ti àkọ́kọ́ tán. Ó mú ti ìkejì, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lójú mi. Ó ń ki baba, ó ń wò mí. Nígbà tí ìwọ́ dákẹ́ lábẹ́ ìka mi, mo mi orí. Ó gé baba náà sí méjì lẹ́nu.

Ó ní, "Ó tó. Ẹ gé e. Èyí tó kù, màá kì í fún un nílé."